Ogún Méjì Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀: Bí Jẹ́nótáìpù àti Rhesus Ṣe Ń Ti Ara Òbí Dé Ara Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbèrò àti di tọkọtaya, ẹ̀kọ́ tí a gbé wá fún yín nínú ìwé yìí dá lórí ogún. Kì í ṣe ogún ilé tàbí ti oko tí ẹbí ń pín lẹ́yìn ìsìnkú ni a ń wí. Ogún tí bàbá àti ìyá ti pín fún ọmọ kí wọ́n tó bí i ni, tí yóò sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nígbà tí a bá bí ọmọ tuntun, àwọn àgbà a máa wo ojú rẹ̀, wọn a ní imú bàbá rẹ̀ ni ó gbé wá, etí ìyá rẹ̀ ni ó mú. Èyí tí ojú lè rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí, àyàfi bí a bá ṣe àyẹ̀wò. Èkínní ni jẹ́nótáìpù. Èkejì ni Rhesus. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìdílé tí ó bá mọ méjèèjì, tí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dé ara ọmọ, lè ṣètò sílẹ̀ kí ewu tó dé.

KÍ NI JẸ́NÓTÁÌPÙ?

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni èròjà pupa kan wà tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú káàkiri ara. Àṣẹ tí ara fi ń ṣe èròjà yìí ni a jogún, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Méjì ni olúkúlùkù ènìyàn ní: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Èyí tí a ń pè ní A ni ojúlówó. Èyí tí a ń pè ní S ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Èyí tí a ń pè ní C náà wà láàrin àwa Yorùbá.

Ẹni tí ó jogún A méjì ni AA. Ẹni tí ó jogún A kan àti S kan ni AS. Ẹni AS kì í ṣe aláìsàn, ṣùgbọ́n ó lè fi S ọwọ́ rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ẹni tí ó jogún S méjì ni SS, òun ni ó ní àìsàn tí a mọ̀ sí fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó pé a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara kí ó tó gbó. Ti ẹni SS kì í sábà kọjá ọjọ́ 10 sí 20. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń gbẹ lára rẹ̀, tí ojú rẹ̀ fi máa ń pọ́n, tí egungun fi máa ń ro ó nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bá dí ọ̀nà mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó jogún S kan àti C kan, tí í ṣe SC, náà ní irú àìsàn yìí.

KÍ NI RHESUS?

Bí ẹ bá wo káàdì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ ó rí A, tàbí B, tàbí AB, tàbí O. Lẹ́yìn lẹ́tà náà ni ẹ ó rí àmì ìròpọ̀ tàbí àmì àyọkúrò. Àmì kékeré yẹn ni Rhesus. Ní ọdún 1940 ni Karl Landsteiner àti Alexander Wiener kéde rẹ̀ fún aráyé ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ní àmì ìròpọ̀ ní èròjà kan lára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a ń pè ní D. Ẹni tí ó ní àmì àyọkúrò kò ní D. Èyí kì í ṣe àìsàn. Àwọn tí kò ní D kò pọ̀ láàrin wa rárá.

Jíìnì méjì náà ni ènìyàn ń jogún níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí èyí: bí D bá jẹ́ ẹyọ kan péré, àmì ìròpọ̀ ni àyẹ̀wò yóò fi hàn. Nítorí náà, ẹni tí káàdì rẹ̀ ní àmì ìròpọ̀ lè ní D méjì, ó sì lè ní D kan, kí èkejì jẹ́ aláìní-D tí ó fara pamọ́. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ní àmì àyọkúrò kò ní D kankan láti fún ọmọ.

Níbo ni ewu wà? Bí ìyá tí kò ní D bá lóyún ọmọ tí ó ní D, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè kán sínú ti ìyá, pàápàá nígbà ìbímọ. Ara ìyá yóò ka D sí àjèjì, yóò sì kó ọmọ ogun jọ dè é. Àkọ́bí sábà máa ń bọ́, nítorí pé wọ́n ti bí i kí ọmọ ogun náà tó pé. Ọmọ tí ó bá tẹ̀lé e, tí òun náà ní D, ni wọn yóò dojú kọ nínú ilé ọmọ. Wọ́n lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kí a bí i pẹ̀lú àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ibà pọ́njú tí ó le, tàbí kí ó kú sínú.

OHUN TÍ ẸYỌ ẸWÀ KỌ́ ARÁYÉ

Báwo ni ogún méjì ṣe ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ìdáhùn ni Gregor Mendel, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tí ó gbé ní ìlú Brno, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Czech lónìí. Ó gbin irú ẹ̀wà kan tí a ń pè ní pea sínú ọgbà, ó sì tẹ ìwé lórí ohun tí ó rí ní ọdún 1866. Ó mú ẹ̀wà tí ó rí róbótó tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, ó fi gba ara pẹ̀lú ẹ̀wà tí ó hunjọ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé. Gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ so ni ó rí róbótó tí ó sì ní àwọ̀ ìyeyè. Nígbà tí ó gbin àwọn wọ̀nyí, ó ka 556 ẹyọ: 315 rí róbótó ní àwọ̀ ìyeyè, 108 rí róbótó ní àwọ̀ ewé, 101 hunjọ ní àwọ̀ ìyeyè, 32 hunjọ ní àwọ̀ ewé.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tí ó rí róbótó ní àwọ̀ ewé, àti àwọn tí ó hunjọ ní àwọ̀ ìyeyè, kò jọ èyíkéyìí nínú àwọn méjì tí Mendel fi bẹ̀rẹ̀. Èyí ni ó fi yé e pé ìrísí ẹ̀wà kò so mọ́ àwọ̀ rẹ̀. Olúkúlùkù ń dá rìn.

Bákan náà ni jẹ́nótáìpù àti Rhesus nínú ènìyàn. Inú àwọn okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní krómósómù ni jíìnì wà. Okùn 46 ni ènìyàn ní, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Jíìnì tí S wà nínú rẹ̀ wà lórí okùn kọkànlá. Ti Rhesus wà lórí okùn kìn-ín-ní. Nítorí pé okùn wọn yàtọ̀, ohun tí ọmọ mú nínú ọ̀kan kò yan ohun tí yóò mú nínú èkejì fún un.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE É NÍNÚ ILÉ

Ẹ wá ife mẹ́rin, ẹyọ àgbàdo díẹ̀ àti ẹyọ ẹ̀wà díẹ̀. A ó lo àpẹẹrẹ ọkọ kan àti ìyàwó rẹ̀. AS ni àwọn méjèèjì. Ìyàwó kò ní D. Ọkọ ní D kan, ó sì gbé aláìní-D kan pamọ́.

Ife àgbàdo ọkọ: ẹ fi àgbàdo funfun kan sí i, òun ni A, ẹ fi àgbàdo pupa kan sí i, òun ni S.

Ife àgbàdo ìyàwó: funfun kan, pupa kan pẹ̀lú.

Ife ẹ̀wà ọkọ: ẹ fi ẹ̀wà pupa kan sí i, òun ni D, ẹ fi ẹ̀wà funfun kan sí i, òun ni aláìní-D.

Ife ẹ̀wà ìyàwó: ẹ̀wà funfun méjì.

Ẹ di ojú yín, kí ẹ mú ẹyọ kan nínú ife kọ̀ọ̀kan. Àgbàdo méjì tí ẹ mú ni jẹ́nótáìpù ọmọ náà. Ẹ̀wà méjì tí ẹ mú ni Rhesus rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ife, kí ẹ sì tún mú. Ẹ ṣe é tó ìgbà 40, ẹ ó rí bí ó ṣe ń pín ara rẹ̀.

ÌṢIRÒ OGÚN MÉJÈÈJÌ

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò jẹ́nótáìpù nìkan. Nínú ọ̀nà 4, ọ̀kan jẹ́ AA, méjì jẹ́ AS, ọ̀kan jẹ́ SS. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò Rhesus nìkan. Ìyàwó kò ní D láti fún ọmọ, nítorí náà ọwọ́ ọkọ ni ó kù sí: nínú ọ̀nà 2, ọ̀kan ní D, ọ̀kan kò ní. Nígbà tí àwọn méjèèjì kò so mọ́ ara wọn, ńṣe ni a ó sọ wọ́n di púpọ̀: 4 lọ́nà 2 jẹ́ 8. Báyìí ni ọ̀nà 8 náà ṣe pín:

AA tí ó ní D: ọ̀nà 1
AA tí kò ní D: ọ̀nà 1
AS tí ó ní D: ọ̀nà 2
AS tí kò ní D: ọ̀nà 2
SS tí ó ní D: ọ̀nà 1
SS tí kò ní D: ọ̀nà 1

Bí ọkọ bá ní D méjì ńkọ́? Gbogbo ọmọ ni yóò ní D, kò sí ohun tí yóò yí padà nínú ti jẹ́nótáìpù. Bí ọkọ àti ìyàwó bá ní D kan kan, tí àwọn méjèèjì sì gbé aláìní-D pamọ́ ńkọ́? Nínú ọ̀nà 4 ti Rhesus, mẹ́ta yóò ní D, ọ̀kan kò ní ní in. Nígbà náà, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, SS tí kò ní D yóò sì jẹ́ ọ̀nà 1 péré nínú 16.

Kí ni ìṣirò yìí wà fún? Ọmọ SS lè nílò ẹ̀jẹ̀ nígbàkúgbà. Bí ó bá tún jẹ́ aláìní-D, ẹ̀jẹ̀ aláìní-D ni ó yẹ kí a fún un, ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n ní ilé ìwòsàn wa. Òbí tí ó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ti wá àwọn ìbátan tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti ọmọ mu, yóò sì ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kò ní jẹ́ òru ọjọ́ tí ara ọmọ le ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré kiri.

ÀWỌN ÈRÒ TÍ KÒ TỌ̀NÀ

Èkínní: "A ti bí SS kan, ìpín wa ti tán, mẹ́ta tí ó kù yóò gbádùn." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé a ń dá àgbàdo padà sínú ife kí a tó tún mú. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìpín tirẹ̀. Bí àwọn AS méjì bá bí ọmọ mẹ́rin, nǹkan bí ìdílé 32 nínú 100 ni kò ní bí SS rárá. Àwọn 68 yòókù yóò bí ọ̀kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, aládùúgbò tí ó jẹ́ AS pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ọmọ wọn sì le koko, kì í ṣe ẹ̀rí pé ewu kò sí.

Èkejì: "Àbúrò rẹ̀ jọ ọ́ ní Rhesus, yóò jọ ọ́ ní jẹ́nótáìpù náà." Ogún méjì ń dá rìn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kí a ṣe àyẹ̀wò méjèèjì fún.

Ẹ̀kẹta: "Èmi ní àmì ìròpọ̀, ìyàwó mi ní àmì ìròpọ̀, báwo ni ọmọ ṣe ní àmì àyọkúrò? Kì í ṣe ọmọ mi." Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí káàdì tú ilé yín ká. A ti rí i lókè pé bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbé aláìní-D pamọ́, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni ọmọ yín fi lè jẹ́ aláìní-D. Ọ̀dọ̀ yín ni ó ti mú ìdajì rẹ̀. Bí èsì jẹ́nótáìpù bá sì ta kora, fún àpẹẹrẹ bí a bá sọ fún yín pé AA ni ọ̀kan nínú yín, tí ọmọ sì jẹ́ SS, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ni kí gbogbo yín tún àyẹ̀wò ṣe ní ibòmíràn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Àṣìṣe a máa wà nínú àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà síni lára náà lè yí èsì padà.

Ẹ̀kẹrin: "Ìyá rẹ̀ ni ó ń bí àbíkú." Nígbà àtijọ́, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ SS àti àwọn ọmọ tí ìkọlù Rhesus pa nínú ni a ti kà sí àbíkú, tí a sì ń di ẹ̀bi ru ìyá wọn. Ní ọdún 1949, James Neel, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn gbangba pé ọmọ kò lè jẹ́ SS láìjẹ́ pé ó gba S kan lọ́wọ́ bàbá, tí ó sì gba S kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹ̀bi kò sí. Bí a bá sì ní kí á pín in, ọgbọọgba ni.

KÍ NI Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE?

Ogún méjèèjì kò béèrè ìgbésẹ̀ kan náà, ẹ má ṣe da wọ́n pọ̀.

Jẹ́nótáìpù ni ohun tí a ń rò kí a tó ṣe ìdána. Kí ìfẹ́ tó wọra, kí àwọn òbí tó jókòó sọ̀rọ̀, kí ọkùnrin àti obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò. Bí ọ̀kan bá jẹ́ AA, wọn kò lè bí SS. AS pẹ̀lú AS: ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni SS. AS pẹ̀lú SS: ọ̀nà méjì nínú mẹ́rin. SS pẹ̀lú SS: gbogbo ọmọ. AS pẹ̀lú AC: ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni SC. A kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ kí ó tó wọlé sàn ju ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn ọmọ kejì.

Rhesus kò yẹ kí ó tú àfẹ́sọ́nà ká, nítorí pé abẹ́rẹ́ wà fún un. Anti-D ni orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Ìyá tí kò ní D yẹ kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyún. Wọn yóò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ ti kó ọmọ ogun jọ. Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, a lè fún un ní abẹ́rẹ́ náà nígbà tí oyún bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28. Bí ọmọ tí ó bí bá ní D, kí a tún fún un láàrin wákàtí 72 tí ó bímọ. Bí oyún bá wálẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá, kí ó sì rán wọn létí. Abẹ́rẹ́ yìí kò lè lé ọmọ ogun tí ó ti wọlé jáde, ó ń dí ọ̀nà mọ́ wọn ni. Ẹ̀yin bàbá, ẹ tọ́jú owó rẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù ìbímọ tó pé.

Ẹ̀yin AS méjì tí ẹ ti fẹ́ ara yín, ẹ má ṣe sọ ìrètí nù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ láti ìgbà tí ó wà ní ìkókó. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, èyí tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọmọ SS tí a tètè mọ̀ yóò gba oògùn pẹnisílìn lójoojúmọ́ títí yóò fi tó ọmọ ọdún márùn-ún, yóò gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára, yóò máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, yóò sì máa mu omi dáadáa. Dókítà yóò sọ bóyá ó yẹ kí ó lo hydroxyurea, oògùn tí ó ń dín ìrora kù. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ó bá ń mí gúlegúle, tí ojú rẹ̀ bá ṣì funfun lójijì, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá rọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ibòmíràn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. AA ni ọkọ, ó sì ní D méjì. AS ni ìyàwó, kò ní D. Ṣé wọ́n lè bí SS? Ǹjẹ́ ìyàwó nílò abẹ́rẹ́ anti-D?

2. AS ni ọkọ àti ìyàwó, kò sí D lára àwọn méjèèjì. Irú ọmọ wo ni wọ́n lè bí?

Ìdáhùn: Nínú ti èkínní, wọn kò lè bí SS, ìdajì ọ̀nà jẹ́ AA, ìdajì jẹ́ AS. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ wọn ni yóò ní D, nítorí náà ìyàwó nílò abẹ́rẹ́ náà lórí oyún kọ̀ọ̀kan. Nínú ti èkejì, kò sí ewu Rhesus láàrin ìyá àti ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni SS, gbogbo ọmọ náà ni yóò sì jẹ́ aláìní-D. Ẹ rí i pé ilé tí ọ̀kan ti rọ̀, èkejì lè le níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wo káàdì yín. Bí ọ̀kan nínú èsì méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, kí ọkọ àti ìyàwó sì jọ lọ. Ẹ kọ èsì ti ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, kí ẹ fi í pamọ́ sí ibi tí gbogbo ará ilé mọ̀.